Àga bàǹtàbanta: ìyìn ni àbí àbùkù?

Ìyá Ìbejì Àkóbọ̀
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tó ti fẹ́ di ìjà láàárín èmi àti bàbá àwọn ọmọ. Oṣù tó kọjá la ra àga tuntun sí pálọ̀. Kì í ṣe kékeré. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nípọn bí ìrọ̀rí, ẹ̀yìn rẹ̀ ga débi pé ó bo ìdajì fèrèsé. Ìyá ọkọ mi wá kí wa ní Sátidé. Wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fọwọ́ lé ìbàdí, wọ́n wo àga náà lọ wò ó bọ̀, wọ́n ní: "Ìyàwó mi, àga yìí mà rí bàǹtàbanta o." Ni wọ́n bá kọjá lára rẹ̀, wọ́n lọ jókòó sórí àga oníke tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì.

Mi ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ọkọ mi ní ìyìn ni, ó ní ṣebí "owó bàǹtàbanta" làwọn oníròyìn máa ń sọ, ta ló ń fi owó bú èèyàn? Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má tan ara mi jẹ, ó ní ohun tó kàn tóbi ṣáá tí kò ní ìrísí là ń pè bẹ́ẹ̀. Èwo ni kí n gbà? Tó bá jẹ́ àbùkù, kí ni wọn ì bá sọ ká ní wọ́n fẹ́ yìn ín? Jos ni mo dàgbà sí, Yorùbá mi ò fi bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Akọ̀ròyìn Rédíò
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ní ti owó, òótọ́ lọkọ yín sọ. Ojoojúmọ́ là ń kà á nínú ìròyìn: owó bàǹtàbanta, ẹ̀bùn bàǹtàbanta. Àmọ́ kí wọ́n má gbára lé ìyẹn nìkan. Tí adájọ́ bá bu owó ìtanràn lé ẹnì kan lórí, bàǹtàbanta náà la máa ń kà, mi ò sì tíì rí ẹni tó bá onítọ̀hún yọ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ ni pé nǹkan náà ju bó ṣe yẹ kó rí lọ. Ayọ̀ tàbí ìbànújẹ́, ara nǹkan ọ̀hún lẹ ti máa wò ó.

Sísí Eko
Àbùkù ni jàre. Ẹni tó yin àga kì í lọ jókòó sórí ike.

Baba Oníṣòwò
Èmi rò pé "rògòdò" ló yẹ kí wọ́n lò. Àga ńlá, àga rògòdò.

Tíṣà Ọ̀yọ́
Rárá o, Baba Oníṣòwò. Rògòdò gbọ́dọ̀ ṣe roboto. Elégédé rí rògòdò, bọ́ọ̀lù rí rògòdò. Àga tó ní igun mẹ́rin kò lè rí rògòdò láéláé, àfi tí wọ́n bá ti jókòó bà á jẹ́.

Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sí tiyín. Irú ọ̀rọ̀ báyìí, à ń fi etí gbọ́ ọ, à ń fi ojú inú rí i. Ìró rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ mú rógódó àti rògòdò. Kọ́ńsónáǹtì kan náà, fáwẹ̀lì kan náà. Ẹ fi ohùn òkè pè é, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ẹyinjú ọmọ ọwọ́ ló máa wá sí yín lọ́kàn. Ẹ fi ohùn ìsàlẹ̀ pè é, nǹkan náà wú, ó wúwo, ó di elégédé. Ẹ wá wo bàǹtàbanta. Ohùn ìsàlẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni ìwúwo rẹ̀. Nígbà tí a tún un pè, ó di ohùn àárín, bí ìgbà tí èèyàn ru ẹrù dé ìdajì ọ̀nà tó wá ń wá ibi tó máa sọ̀ ọ́ sí. (Àpèjúwe tèmi nìyẹn o, ẹ má lọ kọ ọ́ sínú ìdánwò.)

Àwọn ará àtijọ́ ti kíyè sí i. Nígbà tí ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther kọ jáde ní 1852, Bíṣọ́ọ̀bù Vidal ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ohun tó sì yà á lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àpèjúwe kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tirẹ̀ tí kì í bá ẹlòmíì rìn. Aṣọ á pupa fòò, á funfun báláú. Ẹ gbìyànjú kí ẹ sọ pé aṣọ pupa báláú, ọmọ ọdún mẹ́ta á rẹ́rìn-ín yín.

Nítorí náà, ẹ ṣọ́ ohun méjì nínú ọ̀rọ̀ Màmá. Àkọ́kọ́, wọn ò ní "ó tóbi bàǹtàbanta", wọ́n ní "ó rí". Bó ṣe hàn sí wọn lójú ni wọ́n ń sọ. Ìkejì, wọ́n fi "mà" sí i. Ẹnu ló yà wọ́n. Ká ní wọ́n fẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lu àga náà, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ tí wọn ì bá lò: jágbajàgba, wúruwùru, jákujàku. Ẹ gbọ́ bí ohùn àwọn yẹn ṣe ń fò sókè tó ń já sílẹ̀. Nǹkan tí kò létò là ń fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ pè. Màmá ò lo ọ̀kankan níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Àkóbọ̀
Tíṣà, ẹ ṣé gan-an ni. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ àga oníke ńkọ́?

Tíṣà Ọ̀yọ́
Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà.

Mo Ti Ru Ẹrù Rí
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí alábàárù náà sọ tiẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ru ẹrù ní ọjà Bódìjà kí Ọlọ́run tó ṣe é. Àwa tí à ń ru ẹrù, a mọ ìyàtọ̀ láàárín èyí tó wúwo àti èyí tó rí bàǹtàbanta. Àpò sìmẹ́ǹtì, kílò 50 ni. Ó wúwo, ó ń tẹ èèyàn lọ́rùn mọ́lẹ̀, àmọ́ èmi ò jẹ́ pè é ní bàǹtàbanta. Tó bá ti jókòó sí èjìká, ó ti jókòó. Ẹ mọ ibi tí ẹ máa dì mú.

Ẹ wá gbé fóòmù ńlá fún mi, èyí tí tọkọtaya àti ọmọ méjì ń sùn lé. Kò wúwo tó ìdajì sìmẹ́ǹtì. Ọwọ́ ò ká a. Ojú ò rí iwájú. Atẹ́gùn fẹ́ báyìí, ó gbé mi lọ bá oníṣu. Mo ní kí n yà, ìdí rẹ̀ gbá agbọ̀n tòmátì ìyá kan dànù, gbogbo ọjà ń pariwo lé mi lórí, bẹ́ẹ̀ ni mi ò rí ẹni tó ń pariwo. Bàǹtàbanta nìyẹn! Owó tòmátì tí mo san lọ́jọ́ náà ju owó tí mo gbà lórí fóòmù lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ẹni tó máa gbé e ló ń pè é ní bàǹtàbanta. Ẹni tó ni í á ní ó tóbi, ẹni tó tà á á ní ó gbayì. Ní ti owó, kò sẹ́ni tí owó ti ń dí lójú kó má rí iwájú, pàápàá lóde òní tó ti di nọ́ńbà lórí fóònù. Ìyẹn ló jẹ́ kó dùn létí. Ẹ wo Màmá dáadáa: kí ni wọ́n rò pé àwọn máa gbé?

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀rẹ̀
Àbúrò, o sọ ọ́ bó ṣe rí. Àmọ́ ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ agbégilódò. Lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, a máa ń gbọ́ ọ ká tó rí i. Igi gẹdú mẹ́ta ni wọ́n fi ṣéènì dè mọ́ ọn lẹ́yìn, táyà á fẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Tó bá dé orí òkè, iwájú ọkọ̀ á máa wo ọ̀run. Ọmọ ọkọ̀ á bẹ́ sílẹ̀, á gbé igi wẹ́jì lọ́wọ́, á máa sá tẹ̀ lé e, kí ọkọ̀ má bàa padà sẹ́yìn. Mọ́tò mẹ́wàá á tò sẹ́yìn rẹ̀, wọn ò ní lè yà á. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí bàǹtàbanta jẹ́, ẹ̀yìn agbégilódò lókè ni kí ẹ wà.

Àwa náà máa ń fi orúkọ ọkọ̀ yẹn pe èèyàn, ẹni tó tóbi tó sì ń kọ lu gbogbo nǹkan tó bá wà nínú yàrá. Èébú ni. Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bẹ́ẹ̀ nílé ìwé, ó ti lé lógójì ọdún, kò tíì gbàgbé.

Sísí Eko
Mọ́lùè ńkọ́? Orí ẹ̀ńjìnnì lọ́rì ni wọ́n kan bọ́dì lé, tó bá fẹ́ yà sọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì ló máa kọ́kọ́ lọ. Èmi ò ní fi bàǹtàbanta pè é, jágbajàgba ló bá a mu.

Mo Ti Ru Ẹrù Rí
Méjèèjì ni. Ó rí bàǹtàbanta, ó tún ń rìn jágbajàgba.

Bọ̀dá Peckham
Ẹ kú ìjíròrò. Ọ̀rọ̀ yìí ti kó bá mi rí níhìn-ín ní London. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi lórí fídíò. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa àpótí tí àbúrò mi gbé wálé. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ó ń fi ṣeré káàkiri ilé: bọ́ọ̀sì alájà méjì bàǹtàbanta, ajá aládùúgbò bàǹtàbanta. Inú mi ń dùn, mo ní Yorùbá ti ń wọ̀ ọ́ lára. Ó di ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, alàgbà kan tó sanra ń bọ̀ wá bọ̀ wá lọ́wọ́. Ọmọ ní, "Dádì, ẹ wo bàbá bàǹtàbanta!" Alàgbà náà gbọ́ Yorùbá ju èmi lọ.

Mo dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé fún ọmọ náà. Ó ní ṣé bàbá yẹn ò tóbi ni?

Tíṣà Ọ̀yọ́
Ẹ kú orí ire tí alàgbà ò fi ọ̀pá nà yín. Ẹ sọ fún un pé èèyàn kì í ṣe ẹrù. Ọkùnrin tó tóbi tó lágbára, ẹ ní gìrìpá ni, inú rẹ̀ á dùn. Ọmọ ọwọ́ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ẹ ní ó rí rọ̀bọ̀tọ̀, ìyá rẹ̀ á gbé e fún yín kí ẹ tún un gbé. Àgbàlagbà tó sanra, ẹ kí i kí ẹ máa lọ, kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí ẹ fẹ́ wá fún ìyẹn.

Kí Ìyá Ìbejì náà lè rí ìdáhùn sí ìbéèrè kejì wọn: tó bá jẹ́ pé ńlá tó gbayì ni, "kàǹkà" wà ńlẹ̀. Ilé kàǹkà, ìyìn ni. "Ràbàtà" ni ti òkè àti àpáta, kò yìn, kò bú, ó kàn ń sọ pé nǹkan náà gba ilẹ̀. Èyí tó bá ga tó tẹ́ẹ́rẹ́, gogoro. Ẹ wo Cocoa House ní Dùgbẹ̀, alájà 26, láti 1965 ló ti wà níbẹ̀. Ó tóbi ju gbogbo àga ayé lọ, síbẹ̀ ó ga gogoro ni, ojú ò rí bàǹtàbanta lára rẹ̀.

Tí ẹ bá rò pé àṣejù ni ká máa ṣa ọ̀rọ̀ tó báyìí, ẹ rántí òwe: àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Fìrí ni ti eku tó gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọjá. Ẹni tó bá fi fìrí sọ̀rọ̀ erin, àwọn àgbà ti ní kó lọ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ.

Aránṣọ Ìsẹ́yìn
Tíṣà ti gbàgbé aṣọ. Aṣọ kì í rí bàǹtàbanta, gbàgẹ̀rẹ̀ ló ń rí. Ìyàtọ̀ sì wà nínú gbàgẹ̀rẹ̀ náà. Ṣòkòtò kẹ̀m̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ rí gbàgẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ la ṣe dá a, tó bá fún, kì í ṣe kẹ̀m̀bẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé aṣọ òkè wá lọ́dún tó kọjá pé kí n rán agbádá ìgbéyàwó, ó ní kí n rán an bíi ti bàbá òun. Àyà bàbá rẹ̀ fẹ̀, tòun ò fẹ̀. Nígbà tó wọ̀ ọ́, ọrùn aṣọ ń yọ́ lọ sí apá òsì, ó ń fà á padà, ó tún ń yọ́. Ìyá rẹ̀ wò ó, ó ní, "Ó mà rí gbàgẹ̀rẹ̀." Ọ̀rọ̀ kan náà tí mo fi ń yin kẹ̀m̀bẹ̀ rèé o, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ tú èjìká. Mo tú u. Mi ò gba owó kún un, torí ó yẹ kí n ti sọ fún un látìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Kétu
Mo kí gbogbo yín láti Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Mo fẹ́ fi gẹ̀lẹ̀dẹ́ kún un. Tí ẹ bá rí i kó tó jáde, ẹ máa káàánú rẹ̀. Ọkùnrin ni, àmọ́ wọ́n ti di ọyàn onígi mọ́ ọn láyà, wọ́n ti di ìdí rẹ̀ kó yọ síta, aṣọ lórí aṣọ, ère lórí, irin tí ń dún lẹ́sẹ̀. Ó dúró bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé sí gáréèjì. Bàǹtàbanta gbáà! Kí onílù tó fọwọ́ kan ìlù ni o. Tí ìlù bá ti dún, ẹsẹ̀ méjèèjì á máa dá a lóhùn gẹ́lẹ́ bó ṣe ń dún, kò ní fo ìró kan, gbogbo ẹrù yẹn á máa mì bí ara rẹ̀. Ní 2001, UNESCO kà á mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Mo wo àwọn kan tí wọ́n gbé ère tó kéré, tí wọn ò mọ̀ ọ́n jó, àwọn gan-an ló rí bàǹtàbanta títí wọ́n fi wọlé. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé títóbi ló fà á.

Mo Ti Ru Ẹrù Rí
Ẹ káre. Ohun tí mò ń wí nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Àkóbọ̀
Ẹ káàárọ̀ o. Mo ti béèrè! A jọ ń ṣa ẹ̀wà ní ilé ìdáná lánàá, mo ní, "Màmá, àga wa yẹn, ẹ ní ó rí bàǹtàbanta lọ́jọ́sí." Wọn ò gbé ojú sókè. Wọ́n ju òkúta kan síta, wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ilé tí ẹ ń kọ́ yẹn, ibo lẹ máa gbé e gbà wọlé?"

Mo dákẹ́. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ń kó kúrò ní Òkè-Àdó, bàbá ọkọ mi ṣì wà láyé, ibùsùn onírin kan wà tí wọ́n ti jó pọ̀ nínú yàrá. Kò gba ẹnu ọ̀nà. Wọ́n dà á délẹ̀, wọ́n gbé e nàró, wọ́n bẹ àwọn géńdé mẹ́rin, ó há. Onílé ló jogún rẹ̀. Wọ́n ní látìgbà yẹn, tí àwọn bá rí nǹkan ńlá nínú ilé, ilẹ̀kùn ni àwọn máa ń kọ́kọ́ wò.

Mo wá bi wọ́n nípa àga oníke. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. "Orúnkún mi ni, ọmọ mi. Tí mo bá jìn sínú àga rẹ tó rọ̀ bí ẹ̀kọ yẹn, ta ló máa fà mí dìde?"

Ọkọ mi ti lọ wọn ẹnu ọ̀nà ilé tuntun. Ínǹṣì 30. Àga, láti ẹ̀yìn dé iwájú, ínǹṣì 38. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ṣé káfíńtà kankan wà níbí?

Káfíńtà Mọ́kọ́lá
Mo wà ńbí, mo ti ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ dojú àga náà délẹ̀ kí ẹ wo ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá rí nọ́ọ̀tì, ẹsẹ̀ á bọ́. Tó bá jẹ́ ìṣó ni wọ́n fi kàn án, ẹ má fipá yọ ọ́, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ yọ ilẹ̀kùn kúrò lára férémù pátápátá, ẹ máa rí àyè díẹ̀ kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àga nàró lórí apá rẹ̀ kan, kó dúró bí ọkùnrin, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́kọ́ wọlé, kí ẹ wá máa yí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀yìn àga àti ìjókòó rẹ̀ ò ní gba ẹnu ọ̀nà kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ wọ́n lè gbà á tẹ̀ léra wọn. Àga púpọ̀ tí wọ́n ní kò lè wọlé, ọ̀nà yìí ni mo fi gbé wọn wọlé.

Ṣùgbọ́n ilé tí ẹ ń kọ́ lọ́wọ́, kí lẹ ń yọ ara yín lẹ́nu sí? Ẹ ní kí bíríkìlà fẹ ẹnu ọ̀nà pálọ̀ sí ínǹṣì 48, kí ẹ fi ilẹ̀kùn onípa méjì sí i. Kò le rárá tí wọn ò bá tíì da lẹ́ńtù, ìyẹn kọnkéré orí ẹnu ọ̀nà. Ṣé wọ́n ti dà á?

Ìyá Ìbejì Àkóbọ̀
Wọ́n ti dà á lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọkọ mi ti ń bá bíríkìlà sọ̀rọ̀ lórí fóònù báyìí. Mò ń gbọ́ ọ láti ilé ìdáná, ó ní kí ló dé tí owó iṣẹ́ wá rí bàǹtàbanta báyìí.